Òjò, Jéró àti Oúnjẹ Ọmọdé ní Orílẹ̀-èdè Niger

Orílẹ̀-èdè Niger, tí ó bá Nàìjíríà pààlà ní apá àríwá, fẹ̀ ju Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ọkọ́ lè ro níbẹ̀ kò pọ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fún ara wọn mọ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní gúúsù, láti Tillabéri títí dé Diffa létí Adágún Chad. Bí èèyàn bá ti ń kúrò ní gúúsù lọ sí òkè ni òjò ń dín kù. Ní Gaya, nítòsí ibi tí Niger, Benin àti Nàìjíríà ti pàdé, òjò ọdún kan jẹ́ nǹkan bí 800 mìlímítà. Ní Niamey, olú ìlú, ó súnmọ́ 500. Ní Agadez, kò tó 200. Ní Bilma, láàrin aṣálẹ̀, ọdún kan lè rékọjá láìsí òjò kan tó ṣeé sọ. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ń gbà ju 1,200 lọ. Ohun tí ará Niger ń jẹ, ohun tí ó ń tà, àti bí ó ṣe ń rìn jìnnà tó láti wá owó, òjò yìí ló ń pinnu wọn.

Àsìkò tí òjò ń rọ̀ tilẹ̀ le ju iye rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ tí àgbàdo àkọ́rọ̀ rẹ̀ bá kú ṣì lè gbọ́kàn lé àrọ̀kúrò. Àgbẹ̀ Niger kò ní àrọ̀kúrò. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ó sì ń parí ní oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, tilé-toko á tú jáde lọ gbin jéró sínú iyanrìn tútù náà. Bí ọ̀dá bá wá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn èyí, èéhù á gbẹ, tàbí kí ìjì tó ń ṣáájú òjò gbé iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Wọn á tún un gbìn. Ọdún mìíràn wà tí wọ́n ń gbìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Inú àká tí ìdílé ń jẹ ni irúgbìn yìí ti ń jáde, nítorí náà, gbogbo àtúngbìn jẹ́ oúnjẹ tí a bù kúrò nínú ìkòkò ní oṣù tí oúnjẹ ṣọ̀wọ́n jù lọ. Jéró tí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín sì tún nílò nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó gbó. Bí òjò bá lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, orí rẹ̀ á yọ, àmọ́ kò ní sí hóró nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọdún méjì tí iye òjò wọn dọ́gba fi lè yàtọ̀ pátápátá nígbà ìkórè.

Ilẹ̀ náà kò ran òjò lọ́wọ́. Iyanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ewé jíjẹrà kò tó nínú rẹ̀, kò sì ní èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó. Níbi tí kì í bá ṣe iyanrìn, ojú ilẹ̀ ti le gbagidi, òjò ńlá á kàn ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láìwọlé. Hẹ́kítà kan kì í sábà mú ju nǹkan bí 500 kìlógíráàmù jéró lọ. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ a máa dá ilẹ̀ sí fún ọdún mélòó kan kí ó sinmi. Nígbà tí Niger gba òmìnira ní 1960, èèyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Lónìí, wọ́n ti ju mílíọ̀nù 25 lọ. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2012 fi hàn pé obìnrin kan ń bí ju ọmọ méje lọ. Ilẹ̀ tí bàbá ń dá pín sọ́wọ́ ọmọ púpọ̀, ìsinmi ilẹ̀ sì di ohun tí apá ọ̀pọ̀ ìdílé kò ká mọ́.

Ìjọba àkọ́kọ́ mọ ewu tó wà nínú dídáko lọ sí àríwá. Ní 1961, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má dáko kọjá ìlà kan, nítòsí ibi tí òjò ti ń tó 350 mìlímítà, kí ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ lè jẹ́ ti àwọn darandaran. Òfin náà kò múlẹ̀. Ẹ̀pà, tí àwọn Faransé ti sọ di ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun, ti gba ilẹ̀ tó dára ní Maradi àti Zinder, jéró sì ń sún sí òkè. Òjò dára ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nítorí náà, àwọn tó ṣí lọ sí òkè kò fojú rí ewu. Láti 1968 ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tí 1973 fi dé, màlúù ń kú lójú ọ̀nà, àwọn Túárẹ́gì àti Fúlàní tí agbo wọn ti tán sì kún ẹ̀yìn ìlú. Ní oṣù kẹrin 1974, Seyni Kountché àti àwọn ọmọ ogun gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori; ọwọ́ tí ìjọba rẹ̀ fi mú oúnjẹ ìrànwọ́ wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Ọdún 1984 tún le. Ní 1985, Odò Ọya fà débi pé ìṣàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró ní Niamey, odò kan náà tó ń ṣàn wá sí Jẹ̀bbá àti Lọ́kọ́ja.

Jéró ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ. Wọ́n ń rò ó bíi túwó, wọ́n sì ń pò ó mọ́ wàrà kíkan láti fi ṣe fùrá. Ó ń fún ara lágbára. Ó ní èròjà irin nínú, ṣùgbọ́n ara kì í rí púpọ̀ lò nínú irin náà, fítámì A kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. Wàrà, ẹ̀wà, ewé àti ọ̀rá ló yẹ kí ó dí àlàfo yẹn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, koríko á gbẹ, ọmú màlúù á gbẹ, wàrà sì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń kúrò nínú igbá: fùrá á di jéró àti omi. Ewé igi oṣè, ewé móríńgà àti ewé ẹ̀wà tí wọ́n sá gbẹ ń ṣe ìrànlọ́wọ́ ńlá. Bí ó bá burú jù, àwọn èèyàn á yíjú sí èso igi kan tí àwọn Haúsá ń pè ní anza. Ó korò gan-an. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ sínú omi, tí wọ́n á sì máa pààrọ̀ omi náà, kí ó tó ṣeé jẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ìgbà ìyàn pàápàá ń béèrè omi lọ́wọ́ àwọn tí kò ní in.

Ẹ̀wà yẹ fún ìjíròrò fúnra rẹ̀. Nàìjíríà nìkan ló sábà máa ń ṣáájú Niger láyé nínú ẹ̀wà gbígbìn. Láàrin poro jéró ni wọ́n ń gbìn ín sí. Ó ń sọ ilẹ̀ jí, òun sì ni ìdílé ìbá fi fún ọmọ ní èròjà amúaradàgbà nígbà tí ẹran jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ló ń yára di owó, nítorí náà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í dúró nílé. Ó ń wọ Kano àti Malanville ní Benin, láti ibẹ̀ ó ń sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù. Apá kan nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń sè ní Èkó, Ìbàdàn àti Kútọnu, oko Maradi àti Zinder ló ti wá, bí ọ̀pọ̀ àgbò tí wọ́n ń pa nígbà Iléyá ṣe ń ti ọ̀nà kan náà bọ̀. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀wà tà á láti fi ra jéró, nítorí pé jéró ni yóò yó ilé rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò ó. Maradi wà lára àwọn agbègbè tó ń mú ọkà jáde jù lọ ní Niger. Ẹni tó bá rò pé ebi ń tẹ̀lé ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan yóò máa wá ọmọ tó rù lọ sí Agadez. Maradi ni ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières ti rí wọn ní 2005, wọ́n pọ̀ débi pé ọmọ tí wọ́n tọ́jú fún àìjẹunre-kánú líle ní Niger lọ́dún náà ju 60,000 lọ. Ní 2004, òjò ti tètè lọ, eṣú sì ti jẹ oko. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ìkórè ọdún náà fi dín sí ìpíndọ́gba ti ọdún márùn-ún tó ṣáájú rẹ̀. Èyí kò tó láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí jéró ń gbà rìn láàrin oko àti ìkòkò ló ṣàlàyé rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, tí ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, gbèsè ti wà lọ́rùn àgbẹ̀. Ó ti yá owó ní oṣù keje láti fi jẹun. Owó ìtọ́jú ọmọ wà nílẹ̀, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ń dúró, aṣọ ti gbó. Jéró nìkan ló ní, gbogbo aládùúgbò rẹ̀ sì ń kó tiwọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Oníṣòwò á rà á, á sì kó o pa mọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àká ti ṣófo, àgbẹ̀ yìí á sì padà lọ ra jéró lọ́wọ́ oníṣòwò ní owó tó ti gòkè fíofío. Àwọn tálákà jù nínú wọn á fi oko ara wọn sílẹ̀ láti lọ ro oko olówó kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò jẹ lọ́jọ́ náà, oko tiwọn á sì kún fún koríko. Ìkórè tó ń bọ̀ á tún kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọ̀lẹ ni àgbẹ̀ yìí kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní 2005, owó ọkà wọ́n ní àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú, jéró tó máa ń ti Nàìjíríà wọlé kò sì wá bó ṣe yẹ. Ìjọba Niger kọ́kọ́ ń ta ọkà ní ẹ̀dínwó dípò kí wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé wọn kò fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ẹ̀dínwó kò ran ẹni tí kò ní owó kankan lọ́wọ́, àṣìṣe ńlá sì ni ètò náà jẹ́. Ní oṣù kẹjọ, Ààrẹ Mamadou Tandja sọ pé kò sí ìyàn ní orílẹ̀-èdè òun. Ẹni tó bá ń ka tọ́ọ̀nù jéró nìkan lè gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo ilé ìwòsàn Maradi kò lè gbà á. Ní 2010, ebi náà padà wá, ó ju mílíọ̀nù méje èèyàn lọ tí kò rí oúnjẹ tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọmọdé, oṣù ebi náà ni oṣù ibà. Omi òjò dúró sínú kòtò, ẹ̀fọn pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru pọ̀ nítorí pé ìdọ̀tí ń ṣàn wọ inú omi mímu. Oṣù yẹn kan náà ni iṣẹ́ oko pọ̀ jù fún ìyá, tí kò fi ráyè fún ọmọ lọ́mú tàbí kí ó bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méjì ló wà nínú ewu jù, nítorí pé ọmú nìkan kò tó o mọ́, ògì jéró lásán kò sì lè mú un dàgbà. Ìwádìí 2012 náà fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 44 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Àbùkù yìí kì í hàn bíi ti ọmọ tó rù kan egungun, ìdí nìyí tí kò fi ń dé inú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀lé ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́.

Ìtọ́jú àwọn tó rù yí padà láti Niger káàkiri ayé. Tẹ́lẹ̀, wàrà àkànṣe tí wọ́n ń pò mọ́ omi ni wọ́n ń fún wọn, ó sì di dandan kí ọmọ wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí pé omi àìmọ́ lè sọ wàrà náà di májèlé. Ní 1996, dókítà ọmọ Faransé kan, André Briend, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, Michel Lescanne, ṣe Plumpy’Nut: ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ wàrà ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti fítámì. Àpò kékeré rẹ̀ kan jẹ́ 92 gíráàmù, ó sì ní kálórì 500. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ iná, ìyá sì lè fún ọmọ rẹ̀ nílé. Iye ọmọ tí wọ́n fi tọ́jú ní Niger ní 2005 ló mú kí ayé gbà pé ó ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ kan ní Niamey ti ń ṣe é báyìí. Ìwòsàn gidi ni, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ orílẹ̀-èdè. Ọmọ tó gbádùn ní oṣù kẹsàn-án lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ bí àká bá tún ṣófo.

Darandaran ní tirẹ̀ ní ìṣirò mìíràn. Ẹran ni ilé ìfowópamọ́ rẹ̀, jéró ló sì fi ń rà. Lọ́dún tí koríko kò bá hù, gbogbo darandaran ló fẹ́ ta ẹran kí ó tó kú, nítorí náà owó màlúù á wálẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí owó jéró ń gòkè. Akọ màlúù tó lè ra ọ̀pọ̀ àpò jéró ní oṣù kọkànlá lè má ra ju díẹ̀ lọ ní oṣù keje. Ẹni tí agbo rẹ̀ bá tán ń pẹ́ kí ó tó tún un kó jọ, nítorí pé òjò tó dára kì í dá màlúù padà. Àwọn Fúlàní ní àṣà habbanaye, nípa èyí tí ẹni tó ní yóò yá ẹni tí kò ní ní abo màlúù kan. Ẹni tó gbà á máa ń dá a padà lẹ́yìn tí màlúù náà bá ti bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn ọmọ yẹn yóò sì di tirẹ̀. Àwọn àjọ ìrànwọ́ ti ń fi àṣà yìí pín ewúrẹ́ àti àgùntàn fún àwọn obìnrin.

Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ Niger o. Ní àyíká Niamey, àwọn onímọ̀ tó ń wọn kànga rí i pé omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà nígbà tí òjò ń dín. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ti gé igbó lulẹ̀, òjò wá ń ṣàn wọ inú adágún kéékèèké, ó sì ń ti ibẹ̀ rì wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, omi yìí jìn, okùn kànga gùn, obìnrin àti ọmọbìnrin ló sì ń fà á. Níbi tí omi bá ti súnmọ́ òkè, ní àwọn àfonífojì àti fàdámà, wọ́n ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn. Àlùbọ́sà Galmi, tó pọ́n tó sì ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, ti ibẹ̀ ń lọ sí Gánà àti Ivory Coast. Ní Diffa, létí odò Komadougou Yobe, tàtàṣé gbígbẹ ló ń mówó wọlé, Nàìjíríà ló sì ń rà á. Nígbà tí Boko Haram kọ lu Diffa ní 2015, ìjọba fòfin de òwò tàtàṣé kí owó rẹ̀ má baà dé ọwọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì pàdánù iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọ̀gbẹlẹ̀ kò lè gbà lọ́wọ́ wọn.

Fún àwọn tí kò ní oko ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà náà ni àkókò ìrìn-àjò. Bí ìkórè bá ti parí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á kọrí sí Nàìjíríà, Benin, Ivory Coast tàbí Líbyà. Wọ́n ń ṣọ́dẹ òru, wọ́n ń ta omi, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n sì ń padà sílé kí òjò tó rọ̀. Ẹnu tó kúrò nílé tún jẹ́ oúnjẹ tó kù nínú àká. Láti àgbègbè Kantché ní Zinder, obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ń lọ sí Àlgéríà. Ní oṣù kẹwàá 2013, wọ́n rí òkú 92 nínú aṣálẹ̀, òùngbẹ ló pa wọ́n lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti wá ọ̀nà láti mú omi dúró. Ní 1989, àwọn àgbẹ̀ kan láti Illéla ní agbègbè Tahoua lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yatenga, Bùrkínà Fasò. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ tó ti le, tí ó sì da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé, omi á dúró níbẹ̀, ikán á sì tú ilẹ̀ náà. Wọ́n padà délé, wọ́n ń pè é ní tassa, jéró sì hù lórí ilẹ̀ tí gbogbo ayé ti pa tì. Níbi tí ilẹ̀ bá dagun, wọ́n ń gbẹ́ kòtò ńlá tó tẹ̀ bí oṣù tuntun láti fi dá àgbàrá dúró. Ní Maradi, ará Australia kan, Tony Rinaudo, ti ń gbin igi fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú, kí ó tó kíyè sí i ní 1983 pé ohun tí òun rò pé ó jẹ́ igbó lásán jẹ́ kùkùté igi tó ń rúwé. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èéhù náà sí dípò kí wọ́n máa sán wọn. Igi tí àwọn Haúsá ń pè ní gao dára jù lọ fún un: ó ń wọ́wé nígbà òjò, nítorí náà kì í ṣíji bo jéró, ewé rẹ̀ sì ń sọ ilẹ̀ jí. Ó ju mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ilẹ̀ lọ tó ti tún ní igi lọ́nà yìí, owó tí wọ́n ná sí i kò sì tó nǹkan. Kò sí iṣẹ́ ìjọba kankan ní Sahel, ilẹ̀ etí aṣálẹ̀ yìí, tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Fún ìṣòro títa ní pọ̀ọ́kú, wọ́n dá warrantage sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àgbẹ̀ á kó jéró rẹ̀ sínú yàrá kan tí àgádágodo méjì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, èkejì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń yáni lówó. Wọ́n á yá a lówó lórí rẹ̀, yóò fi san gbèsè, yóò sì fi bọ́ àgùntàn tàbí ta ohun kékeré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí owó bá gòkè, á san owó náà padà, á sì gba jéró rẹ̀. Ètò yìí kò fi òjò kan kún òjò, síbẹ̀ ó ń mú jéró dúró nílé ní oṣù keje, ìyẹn oṣù tí ọmọ nílò rẹ̀ jù.

Omi tó pọ̀ jù náà ti di ewu. Ní 2024, ìkún omi pa ju 300 èèyàn lọ ní Niger, ó sì wó ilé alámọ̀ púpọ̀. Òjò ọdún kan náà lè kọ́kọ́ pẹ́, kí ó tún wá wó ilé.

Nínú gbogbo èyí, ibodè ni ohun tí àwọn aládùúgbò Niger ní lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje 2023, àjọ ECOWAS ti ibodè, wọ́n sì dá òwò dúró títí di oṣù kejì 2024. Ọjọ́ tí wọ́n ti í bọ́ sí àárín oṣù ebi gan-an. Ọkọ̀ oúnjẹ tò sí Malanville, owó ìrẹsì gòkè ní Niamey, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà kò rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Ìyà náà jẹ ẹni tí kò dìtẹ̀ gbàjọba. Ọ̀ràn òṣèlú yóò tún wáyé láàrin àwọn orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ó bá dé, kí Nàìjíríà àti Benin yọ ọkà, ẹ̀wà, ẹran àti oògùn sọ́tọ̀ kúrò nínú òfin ibodè, pàápàá láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án.